Kàlẹ́ńdà Ara Ìwé Náà

Bí mo bá rí kàlẹ́ńdà àtijọ́, Mọ́mì tó ń tọ́jú ìwé nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Thamesmead ní London, níbi tí mo ti ṣe tíṣà, ni mo máa ń rántí. Irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ló fi ń bo ìwé tuntun, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà. Á ní, “Èyí tí mo bá ti bò, tiwa ni.”

Mo mú ìwé ìtàn ọmọdé kan wá, tí ìyá àgbà inú rẹ̀ jẹ́ àjẹ́ onínúure. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó bò ó.

Nígbà tí àwọn òbí fi ìbínú dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, ọkàn mi balẹ̀.

“Mọ́mì, ta ló kó àjẹ́ wá bá ọmọ wa?”

Mọ́mì nawọ́ sí mi: “Ẹ bi Àǹtí yìí o! Èmi ò tiẹ̀ kà á rí.”

Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìwé náà padà fún mi. Ó ti bọ́ kàlẹ́ńdà ara rẹ̀.