Igi Ìdábùú Tó Ń Ṣí Sósì

Ìyá Aránṣọ kò wá wo ilé àtijọ́ rárá. Ìwádìí ló bá wá. Láyé ọjọ́un, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà á di irinṣẹ́ rẹ̀, ó di oṣù méjì. Á ní àwọn ń tún abúlé àtijọ́ kan ṣe fún àwọn tó ń wá wo ilé ayé àtijọ́. Bí ìyàwó bá ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e, á ní, "Ibẹ̀ jìnnà. Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní fura? Bó bá dé, ẹ̀wù rẹ̀ ni ìyá kọ́kọ́ máa ń gbóòórùn. Bàbá kú, ìfura ò kú.

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin wá fi mọ́tò gbé e débẹ̀, kò gba nǹkan kan gbọ́. Ó tẹ ògiri amọ̀, ó ní símẹ́ǹtì ni. Ó yọjú sínú ìkòkò, ó ní àná ni wọ́n rà á. Obìnrin àgbà tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á wò ó látòkè délẹ̀. Àbí eléyìí ni?

"Màmá, ẹ rọra máa wò wọ́n."

"Ojú mi ni mo fi ń wò, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n."

Nínú ilé kan, àlejò kan fa igi ìdábùú ilẹ̀kùn títí, kò mì. Afinimọ̀nà tó ń mú àwọn àlejò kiri rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa nìyẹn. Apá òsì ni wọ́n ń fà á sí, kó lè dààmú olè."

"Olè wo?" Ìyá Aránṣọ sún mọ́ igi náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo ilẹ̀kùn ilé wọn rí. Àìmọye àlejò ló ti há sílé ìwẹ̀ wọn. Ó gba ilé kejì lọ: òsì. Ìkẹta: òsì. Ó yí abúlé náà po, kò rí ọ̀kan tó ṣí sọ́tùn-ún. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí, ìgbà wo ló ráyè obìnrin?

Ojú tì í. Ó wọ ilé tó kẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì sunkún.

Afinimọ̀nà kanlẹ̀kùn. "Màmá, ṣé kò há yín mọ́bẹ̀? Apá òsì lẹ máa fà á sí o."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ọmọ Ìyá Aránṣọ ní. "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣí."

Nínú ilé, Ìyá Aránṣọ gbọ́wọ́ lé igi náà. "Bàbá wọn," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."