Òórùn Epo Nínú Mọ́tò Bùsóyè

Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mọ́tò Adébùsóyè máa ń rùn. Bí oòrùn bá ti ràn, òórùn epo bẹntiróòlù náà á pòórá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Láràárọ̀ ló ń gbé àwọn tíṣà láti Ìsíkàn ní Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ilé rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Monílọ́lá tó lóyún bì sẹ́bàá ọ̀nà.

“Bọ̀dá Bùsóyè, bó bá tún rùn lọ́jọ́ Ajé, a ó wá mọ́tò mìíràn o,” ó wí bó ṣe ń nu ẹnu.

“Kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n ń gbé sí búùtù ni,” Gbémiga tó ń kọ́ni ní ìṣirò wí. “Wọ́n ti sọ mọ́tò di ilé epo!”

Adébùsóyè gbé kẹ́ẹ̀gì náà kúrò. Ó fi ọṣẹ fọ búùtù, ó ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé mọ́tò lọ bá Reuben mẹkáníìkì. Reuben wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ń jò. Imú wọn ni kí wọ́n gbé wá kí n bá wọn tún un ṣe.”

Adébùsóyè kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọyẹ́ bo gbogbo Ìsíkàn. Àwọn tíṣà wọlé, wọ́n yí gíláàsì sókè. Ó sítáàtì mọ́tò. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Màmá Fọlákẹ́mi tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrìnàjò, gbogbo wọn sì dijú. Àdúrà Màmá kì í kúrú. Kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tírélà tí òórùn náà fi dé. Monílọ́lá fi ìborùn bo imú.

Mọ́tò kò tíì kúrò lójú kan, Adébùsóyè rò ó. Àárín àdúrà ló ń wọlé, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ó lajú, ó bọ́ sílẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ ń sá fún àdúrà ni?” Gbémiga ké.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́nu ibi tí rọ́bà epo ti wọ ẹ́ńjìnnì, epo ń kán tó, tó, tó. Otútù ti mú kí rọ́bà súnkì. Ó pa mọ́tò kíá.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀, gbogbo yín. N kò ní gbé yín rìn nínú èyí lónìí.”

“Ṣé ẹ ní ká wọ mọ́tò ẹlòmíràn?” Monílọ́lá bi í.

“Ẹ wọ̀ ọ́.”

Wọ́n lọ. Ó pe Reuben lórí fóònù: “Ìsíkàn ni kó o ti wá bá mi. Má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn ṣáájú rẹ.” Reuben dé, ó rí epo tó ń kán, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Monílọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fa imú, ó wọlé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Adébùsóyè sítáàtì mọ́tò, ó sì ní kí wọ́n yí gbogbo gíláàsì sókè.

“Màmá, ẹ máa gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa.”

Màmá gbàdúrà fún awakọ̀ tírélà, ó gbà á fún àwọn aláìsàn, ó gbà á fún ìjọba pàápàá. Ojú Adébùsóyè là sílẹ̀ nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo Monílọ́lá. Ìborùn náà kò kúrò léjìká rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe àmín.