Ọ̀rinrin Tí Bàbá Mi Gbà Sí Yàrá Rẹ̀

Títí dòní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ lásìkò òjò, tí òórùn aṣọ tó bu bá gbá mi nímú, ilé tuntun tí bàbá mi kọ́ sí Bẹẹrẹ ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ìgbà náà ni páánù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí ilé ní àdúgbò wa. Ilé koríko àtijọ́ ni bàbá mi wó, tó fi kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀. Ilé náà dára, mi ò ní purọ́. Ògiri rẹ̀ funfun, páánù rẹ̀ sì ń kọ mànà débi pé àwọn tó ń gòkè Màpó lọ a máa dúró wò ó. Ohun tí wọn kò lè rí láti ọ̀nà ni pé ilé náà ń làágùn. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, abẹ́ páánù a máa kán tó, tó, sí wa lórí. Iyọ̀ inú igbá a di omi, èlùbọ́ a sì hu irungbọ̀n ju ti bàbá mi lọ. Nínú ilé àtijọ́, èéfín ìdáná ló ń bá wa lé ọ̀rinrin. Nínú ilé tuntun, bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná, kí ògiri má baà dúdú.

Ẹ má dá a lóhùn jàre, obì ló ń jà fún. Obì ló ń tà fún àwọn Haúsá, bí ẹ bá sì ti bá obì gbélé rí, ẹ ó mọ̀ bó ṣe ń ṣakọ tó. Inú agbọ̀n tí a fi ewé tútù tẹ́ ló ń gbé; kò fẹ́ iná, kò fẹ́ atẹ́gùn. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Yàrá tó tutù jù lọ ni bàbá kó agbọ̀n rẹ̀ sí, ó sì ti fèrèsé pa gbọin. Yàrá yẹn kan náà ni àpótí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà. Sányán tó fọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú rẹ̀ ló wà nínú àpótí náà, aṣọ tí àbúrò bàbá mi obìnrin, ọmọ ìkẹyìn rẹ̀, máa ró lọ sílé ọkọ.

Ìgbéyàwó ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà ṣí àpótí. Igbe tó ké ló kó gbogbo wa jọ. Ohun funfun kan ti bo sányán bí ẹni da ìyẹ̀fun lé e.

"Ọkọ mi," ló pe bàbá mi, "wá wo iṣẹ́ ilé páánù rẹ. Ó ti ń jẹ aṣọ ìyàwó!"

"Ìyá mi, ẹ rọra. A ó sá a sóòrùn."

"Oòrùn wo? Èyí tí òjò ti gbé mì? Iná ni mo fẹ́ nínú yàrá yìí, kí o sì ṣí fèrèsé."

"Obì mi wá ńkọ́? Bí ó bá gbẹ, kí ni a ó fi ṣe ìnáwó ọ̀hún?"

Àbúrò bàbá mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tójú rẹ̀ ti pọ́n, dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi. Ẹ bá mi ṣa ewé obì tó fẹ̀ dáadáa, kí n ró o lọ sílé ọkọ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi bàbá. Ẹbí tó wá ṣe ìgbéyàwó ti kún gbogbo yàrá, ó ku yàrá tirẹ̀ nìkan, èyí tó kọjú sí oòrùn àárọ̀, tí a kì í dédé wọ̀. Ó bọ́ agbádá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru agbọ̀n obì lọ síbẹ̀. Ó fi ewé tútù yí ibùsùn ara rẹ̀ ká, ó ti fèrèsé ara rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ló fi àpáàdì gbé ẹyin iná wá síwájú ìyá rẹ̀, ó sì ṣí fèrèsé yàrá náà gbayawu. Ìyá àgbà gbọn sányán, ó ta á sórí okùn, ó ń yí i bí ẹni ń yan ẹja. Ògiri funfun dúdú lójú wa.

Aṣọ gbẹ. Obì là. Bàbá nìkan ni kò là, nítorí ọ̀fìnkìn tó mú un láàárín obì kò jẹ́ kó rímú mí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ nínú sányán tó ń rùn fún èéfín, bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí: "O ó bí... háṣìì! Ilé ọkọ á... háṣìì!"

"Àmín, pẹ̀lú sísín rẹ," ni ìyá àgbà dáhùn.

Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi. Orí mi ti gbà á."

Bàbá kò kun ògiri náà mọ́ títí tó fi kú. Èmi náà ti kọ́lé báyìí ní Yemẹtu, mo sì ń bá ìyàwó mi jà lórí fèrèsé lásìkò òjò. Mo ti rí i pé a kì í lé ọ̀rinrin kúrò nílé tán. Ibì kan ni a ń kó o lọ. Bàbá mi, tí mi ò gbọ́ kó sọ fún àbúrò rẹ̀ rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kó o lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀.