Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Nítorí Ìdajì Owó Ọkọ̀

Bí oníbàárà bá wá gba bàtà lọ́wọ́ bàbá aránbàtà yìí, "Ẹ ní sùúrù" ló fi ń kí i káàbọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-ní-sùúrù nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó kàn gbà pé kò sóhun tí owó rẹ̀ kì í wálẹ̀ fún ẹni tó bá lè dúró ni. Ìgbà òtútù ló ń ra fáànù, inú rẹ̀ a sì máa dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, òun nìkan ló sì kù fún un láyé. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ti ń fọṣọ nílé àlejò kan ní ìpẹ̀kun àríwá, níbi tí àwọn olówó ti ń wá wo òkè. Lọ́jọ́ kan, ó pè é lórí fóònù.

"Àìsàn yìí ti kọjá ohun tí mo lè máa fi pamọ́ fún ọ. Máa bọ̀, kí n fojú kàn ọ́."

Ẹ-ní-sùúrù sunkún. Lẹ́yìn náà, ó lọ bèèrè owó ọkọ̀. Akọ̀wé ibùdókọ̀ ní bí ìgbà tí àwọn àlejò ń lọ wo òkè bá parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìdajì ni yóò san. Ó rò ó pé ìdajì tó kù á ra oògùn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà: "Mò ń bọ̀, ẹ ṣáà ní sùúrù." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn.

Nígbà tó máa gbéra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun àti awakọ̀ nìkan ló wà nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà ló ti tilẹ̀kùn. Nígbà tó ku ìlú kan kí wọ́n dé, awakọ̀ paná ọkọ̀.

"Bàbá, ibí la ń dúró sí. Lásìkò yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń lọ ọ̀hún. Ó di Ọjọ́rú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn níbẹ̀."

"Ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, bàbá."

Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó ní ibùdókọ̀, tí òtútù ń wọ̀ ọ́ dé eegun.

Nígbà tó dé ọ̀hún, obìnrin tó ń ṣọ́ ilé àlejò ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wo ojú rẹ̀, ó mọ ẹni tó jẹ́.

"Àná la sin ín. Òtútù ti ń mú ilẹ̀ dì. Bá a bá dúró dè yín, kò ní sí ọkọ́ tó máa wọ̀ ọ́ mọ́."

Ohun tó ti mọ́ Ẹ-ní-sùúrù lára ló jáde lẹ́nu rẹ̀: èló ni yàrá, nígbà tí kò sí àlejò? Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú tì í.

"Wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín pè yín ló ti gba yàrá sílẹ̀ fún yín, iye tí àwọn olówó ń san ló sì ń san. Mo ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ dé ná. Ó ní ẹ lè ṣàdédé wọlé. Àràárọ̀ ló ń di ògiri mú lọ sókè lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà."

Ó tẹ̀ lé e gòkè. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà funfun báláú. Kò lè jókòó lé e. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má bínú.