Ìtumọ̀ Tí Mo Ṣe fún Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Ẹnu mi ló kó mi sí wàhálà, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ohun tí àwa ní London níbí ń pè ní kẹ́rà. Mo máa ń lọ láti ilé dé ilé láràárọ̀, mo máa ń wẹ àwọn arúgbó, mo máa ń po tíì fún wọn, mo sì máa ń gbọ́ ìtàn tí àwọn ọmọ wọn ò ní sùúrù láti gbọ́ mọ́. Lára wọn ni bàbá òyìnbó kan tó ń dá gbé ní Rippleside. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kì í ṣe ibí ni wọ́n bí i sí. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ló ti wá nígbà ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibí náà ló ti fẹ́yàwó, ibí náà ló sì sin ín sí. Ohùn ìlú rẹ̀ ṣì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, bó ṣe wà nínú tèmi náà.

Àwòrán kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin tíńrín kan lórí kẹ̀kẹ́, òjò ń pa á, wọ́n fi pín-ìnnì há nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bi í pé ta nìyẹn. Ó ní òun ni. Ó ní Òlímpíìkì tí wọ́n ṣe ní London lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni, eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àwọn ọkùnrin, nínú ọgbà ńlá kan tó jẹ́ ti ọba.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo sọ ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbé àwòrán eré tí kò borí nínú rẹ̀ kọ́ sára ògiri fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún? Nílé tiwa, àwòrán ẹni tó gboyè là ń gbé kọ́. Mi ò mọ ilé kankan tí wọ́n ti gbé àwòrán ọjọ́ tí ọmọ wọn fìdí rẹmi kọ́ sí pálọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth la ń lò. Wọ́n ń pààrọ̀ táyà mọ́tò lápá ọ̀tún wa, wọ́n ń kó àlòkù fìríìjì jọ lápá òsì. Ańgẹ́lì tó bá máa bẹ̀ wá wò níbẹ̀, á kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Barking. Ìjẹ́rìí ṣíṣe nínú ìjọ wa ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ parí sí ayọ̀. Bí o bá jáde wá sọ pé nǹkan kò rí bó o ṣe fẹ́, wọ́n á ní kó o lọ jókòó ná, kó o padà wá nígbà tí Ọlọ́run bá ti ṣe é tán. Nítorí náà, nígbà tí mo gba máíkì lálẹ́ ọjọ́rú kan tí mi ò sì ní nǹkan gidi kan lọ́wọ́, mo pariwo pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọwọ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, Olympic champion ló ń wẹ̀ every morning!" Ilé mì tìtì. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà bí a ṣe parí. Longbridge lọ́kùnrin náà ń gbé, nílé tó ní àyè mọ́tò méjì níwájú, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé mọ́tò méjèèjì. Ó ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ní Sunday àwọn ọkùnrin, àkòrí tó sì ti yàn ni "Sáré Dé Òpin."

"Sister, God has answered!" ó ní. "Bàbá yẹn gbọ́dọ̀ wá. Champion, live! Ẹ̀yin náà lẹ máa túmọ̀."

Mo yanu láti sọ fún un pé mi ò tiẹ̀ bi bàbá ní ipò tó gbà. Ó ti lọ. Kó tó di ọjọ́ kejì ó ti fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa, ó fi kọ̀ǹpútà gbé mẹ́dà wúrà kan kọ́ bàbá lọ́rùn, mẹ́dà náà sì tóbi tó àwo ìrẹsì.

Bàbá ò kọ̀ nígbà tí mo ké sí i. Kò sẹ́ni tó ti ké sí i jáde láti ìgbà pípẹ́, àfi ọsibítù. Ó ní òun á wá sọ̀rọ̀ eré kẹ̀kẹ́ náà tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Èmi náà fọkàn balẹ̀ bí òmùgọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sunday náà ni mo fi ìwé ìkéde hàn án. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín sí mẹ́dà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wo fóònù náà pẹ́, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò parí eré yẹn."

Mo ní, "Ẹ ò parí kẹ̀? Kí ló ṣe yín?"

Ó ní ohun tí òun sọ fún gbogbo ayé ni pé táyà òun ló fọ́. Irọ́ ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà ń yọ̀, wọ́n ń yí ọgbà náà po láìmọye ìgbà, gbogbo ìgbà tí òun bá sì ti yípo dé ibì kan ni òun máa ń rí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lábẹ́ agbòòrùn, tó ń mu tíì gbígbóná. Nígbà tó yá, ó rẹ òun. Kò ṣàìsàn, kò ṣubú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó ti ìyá náà, ìyá náà bu tíì fún un. Bó ṣe ń mu ún lọ́wọ́ ló rántí pé gbogbo abúlé òun ló fi fèrè sin òun dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ló bá yọ pín-ìnnì kan lára nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi gún táyà ara rẹ̀. Táyà ọ̀pọ̀ àwọn eléré ló ń fọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè.

"Títí ìyá mi fi kú ló ń ṣépè fún ẹni tó ṣe táyà yẹn," ó ní. "Inú gbogbo lẹ́tà ló ti ń ṣẹ́ ẹ. Báwo ni mo ṣe máa padà lọ jókòó jẹun níwájú rẹ̀?"

Kò padà rárá. Ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé fún ogójì ọdún ó lé, kò sọ fún un.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi gan-an, kí n má parọ́, nítorí mo rí ara mi lójú agbo pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn kí wọn. Ẹ ní ẹ gun kẹ̀kẹ́ níwájú ọba, kí ẹ jókòó. Ó tán."

Ó ní rárá. Ó ní àwọn tó yẹ kí òun sọ ọ́ fún ti kú tán, òun ò sì fẹ́ gbé e sin. Ó fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí òun tó lọ, ẹni yòówù kó jẹ́, kí wọ́n ṣáà ti pọ̀ díẹ̀.

Ẹ wo ìgbéraga! Láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ ni kò ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òtítọ́. Gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi gbàdúrà pé kí ọ̀fìnkìn mú un díẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kó má pọ̀ jù o.

Ara rẹ̀ le koko lọ́jọ́ Sunday. Mo bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí a kì í wọ bàtà wọlé, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ náà, mo sì fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í gba àárín ìjọ kọjá. Wọ́n dìde fún un. Wọ́n na aṣọ ìkéde kan sókè, SÁRÉ DÉ ÒPIN, pẹ̀lú mẹ́dà náà. Olórí ẹgbẹ́ gbé sáàṣì aláwọ̀ búlúù, ọ̀já oyè rẹ̀, kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìtumọ̀ ṣíṣe fún ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa. Gbogbo wa la gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Inú wa ni àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ilé-iṣẹ́ iná jà lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ wà. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró tì í kó máa fi Yorùbá tún un sọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í wọ̀ wá lára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe a sì máa fi iyọ̀ sí i. Bàbá sọ pé òjò ń rọ̀, mo ní òjò ń rọ̀ bí ìgbà tí ojú ọ̀run ya. Bàbá ní ojú ọ̀nà ń yọ̀, mo ní ó ń yọ̀ bí ilá. "Halleluyah!" ni wọ́n ń ké. Ó ń dùn mọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó ń bọ̀.

Ó dé. Bàbá ní ó rẹ òun, òun sì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Mo wo aṣọ ìkéde. Mo wo olórí ẹgbẹ́. Mo gbé máíkì sẹ́nu, mo ní, "Táyà mi bá fọ́!"

Ẹ̀rín ta. Kí ló dé tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín? Gbogbo wọn ló ṣáà gbọ́ ohun tí bàbá sọ. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Auntie, allow it now, ẹ fi sílẹ̀! Kì í ṣe ohun tí bàbá sọ nìyẹn!" Ẹ̀rín tún ta. Bàbá kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín; ó rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó rẹ òun. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ táyà lẹ́nu mi, ìyẹn kò ṣòro láti mọ̀. Ó yíjú sí mi, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú máíkì tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní kì í ṣe táyà. Ó ní kí n sọ fún wọn.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ohun tí bàbá yìí fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ló gbé wá fún wa, èmi sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rín láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí orúkọ mi. Mo tún máíkì gbé.

"Kì í ṣe táyà," mo ní. "Irọ́ ni mo pa. Ó rẹ̀ mí. Mo sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ tẹ̀ lé e, láìfi iyọ̀ sí i mọ́. Mo ní bàbá fúnra rẹ̀ ló fi pín-ìnnì gún táyà. Mo ní ìyá rẹ̀ ṣépè títí ó fi kú. Mo ní kò lè padà sílé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, a ti ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára táyà lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa.

Bàbá parí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wòlíì wa dìde, ó nu ojú, ó sì ṣe ohun tí gbogbo wòlíì máa ń ṣe nígbà tí ètò bá ti bàjẹ́: ó pe àdúrà. Ó ní, "Ẹni tó bá rẹ̀, tó jẹ́ pé you have not told anybody, kó jáde wá síwájú." Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń retí, kó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ká lọ jẹun.

Ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ ló kọ́kọ́ dìde. Ọdọọdún ni ìyá yìí ń sọ pé December tó ń bọ̀ lòun máa kó padà sílé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ kan nínú àwọn akọrin, tọkọtaya kan tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò, àti olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin fúnra rẹ̀, tó bọ́ sáàṣì rẹ̀ sórí àga kó tó jáde. Àga ń ṣófo. Ìlà náà gùn dé ẹnu ọ̀nà níbi tí bàtà wa wà, wọn ò sì lọ bá Wòlíì. Ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá fà mí láṣọ. Ó bi mí bóyá inú ń bí wọn ni.

"Rárá, bàbá," mo ní. "Ó rẹ̀ wọ́n ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó wo ìlà náà títí dé ìparí, ó sì wá wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo gbé máíkì lé e lórí ẹsẹ̀, mo lọ tò sẹ́yìn.