Ìyìn Tí Wọ́n Kọ Lójú Rẹ̀

“Ẹ kọ ọ́ lójú mi kí ẹ tó lọ.” Bí ọ̀gá mi obìnrin tó nílé àlejò ní Ìlá ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì na fóònù ara rẹ̀ sí àlejò kó fi kọ ìyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gbà pé ẹni tó bá ti dé Èkó ṣì máa rántí òun.

Ìyìn náà kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Á ní, “Òtẹ́ẹ̀lì òdìkejì ló ń pa á rẹ́!”

Mo ní, “Ìyá, fóònù kan náà ni gbogbo wọn fi ń kọ ọ́. Àwọn tó ni ìkànnì tí wọ́n ń kọ ọ́ sí rò pé ẹ̀yin lẹ ń yin ara yín, àwọn ló ń pa á rẹ́.”

Ó bi mí pé, “Ta ló rán ẹ sí mi?”

Ìyìn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lónìí. Àlejò tí kò gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ láti Ìbàdàn: “Yàrá wọn mọ́ tónítóní. Ìyá yẹn ni ò fọkàn tán ẹnì kankan.”