Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Gbọ́ Èdè Mama

Èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu Mama kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó dé: Urhobo tí wọ́n fi bí i, Pidgin tó fi ta aṣọ lọ́jà ní Warri, àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tó ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ ní Manchester. Àìsàn náà kó méjì lọ. Urhobo nìkan ló ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Swinton, iyè rẹ̀ náà sì ti ń ra. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un láàárọ̀, kò ní rántí rẹ̀ mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Máníjà wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í ṣe ènìyàn burúkú, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Inú mi dùn pé o wà níbí. Ará Nàìjíríà ni ìyá yìí, ìwọ ni wàá máa bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Èdè tirẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ."

"Ṣé Nàìjíríà kọ́ ni ìwọ náà ti wá ni?"

Mo sọ fún un pé bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí òun lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ará Poland tó ń gbálẹ̀ fún wa ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà gbìyànjú.

Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Urhobo rí. Ìkálẹ̀ ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú igbó ọ̀pẹ ẹ̀yìn ìlú wa kún fún àwọn ará Urhobo tó wá kọ ẹyìn, tí wọ́n ń fún epo. Sóbò là ń pè wọ́n, inú wọn kì í sì í dùn sí orúkọ náà. Bàbá mi máa ń sọ pé èdè wọn dà bí ìgbà tí òkúta bá ń yí nínú agbè. Omi odò kan náà la jọ ń mu, epo wọn ló wà nínú ọbẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ èdè wọn nínú wa. Àwọn ló kọ́ tiwa. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló dúró sí mi létí títí mo fi dàgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ibùdó wọn gbiná. Àwọn obìnrin wọn ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà oko, wọ́n ń pariwo pé, "Erhare! Erhare!" Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa, a ti rí èéfín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò lè bọ́ Mama. Ó máa ń sọ pé, "Emu, emu," èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìyá yìí ń bèèrè ẹmu ọ̀pẹ láàárín Swinton. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ ló ń bèèrè. Nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ kò gbé omi dáadáa mọ́, a máa ń po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi rẹ̀ kó lè ki, kó má baà gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mama á tọ́ ọ wò, á tu ú dà sí àyà ara rẹ̀, á sì máa wò wá bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ràn wá lọ́wọ́. Èkó ló ti dàgbà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, Yorùbá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Urhobo lọ. Pidgin lòun àti ìyá rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ, Pidgin sì ti lọ. Tó bá wá lọ́jọ́ Sátidé, á jókòó, á di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, á máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Èmi ni mo wá obìnrin tí a ń pè ní Àǹtí kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Trafford la ti jọ ń jọ́sìn. Ọmọ Ìtsẹ́kírì ni, wọ́n bí i ní Warri, ó sì fẹ́ ọkọ ará Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Tó bá ń sọ èdè wọn lórí fóònù, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé Yorùbá ni mò ń gbọ́ láti yàrá kejì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi ni wọ́n ń pe omi. Oritsẹ ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, èmi a sì gbọ́ Òrìṣà nínú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àwa àtẹ̀yin la bá ara wa tan. Ẹ̀dó ni èdè àwọn Urhobo bá tan." Àmọ́ ó gbọ́ Urhobo bí ẹni tí wọ́n fi bí. Àdúgbò kan náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn Urhobo jọ gbé, ilé sí ilé, ó ní Urhobo lòun kọ́kọ́ fi bú èèyàn láyé òun.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú un wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kí i bí àwọn Urhobo ṣe ń kí àgbà, "Migwo." Mama yí orí. Ó ní, "Vrẹndo," pé kó dìde, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí mo ti ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Ó ń pe Àǹtí ní ọmọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lójú. Àǹtí túmọ̀ gbogbo rẹ̀: Mama fẹ́ ata, ìró ló fẹ́ máa ró dípò síkẹ́ẹ̀tì, omi wa dà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ jẹun yó. Máníjà fún Àǹtí ní páálí ṣokoléètì kan, ó dì mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, Àǹtí ń bọ̀ léraléra lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Stockport, ó ń wọ bọ́ọ̀sì méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ Mama gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí kò túmọ̀ nǹkan kan. Ó kàn ń bi í ní ìbéèrè kúkúrú kúkúrú, Mama ń dá a lóhùn. Mo bi Àǹtí pé kí ló ń sọ. Ó ní, "Ó ń rántí ilé." Ó mú báàgì rẹ̀, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Mama ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ẹkún arúgbó tí a ti mọ̀, tó máa ń dé tó sì máa ń lọ. Á fi ọwọ́ rẹ̀ tí àìsàn kò mú lé orí, á máa pohùn réré. Tí Àǹtí kò bá wá, kò ní sunkún. Tí Àǹtí bá ti wá, á bú sẹ́kún kó tó lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àárò ilé ló ń sọ ọ́, ó sàn kó sọ ọ́ jáde. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo gbé tíì wọlé. Àǹtí jókòó, ó ń fi ìka ra ẹ̀yìn ọwọ́ Mama bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbọ́ ọ: "Erhare." Ó tún un sọ. Mama la ẹnu, ó bú sẹ́kún.

Mo gbé tíì kalẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jáde."

Ní kọ́rídọ̀, mo bi í, "Iná wo lẹ ń sọ fún un?"

Ó wò mí. "Ta ló kọ́ ọ ní Urhobo?"

"Iná wo ni, Àǹtí?"

"Mo ń sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti jó."

"Ojoojúmọ́?"

"Ó máa ń gbàgbé. Tó bá ti gbàgbé, mo máa sọ ọ́ fún un." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun máa ń fún un ní oògùn.

Mo ní kí ló dé tó ń pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó. Ìgbà yẹn ló bínú.

"Irọ́ wo ni mo pa? Lọ bi ọmọ ẹ̀ bóyá ilé wọn ò jó. Kí ni o rò pé ó gbé e dé ìlú òyìnbó?" Ó fa aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra. "Gbọ́, jẹ́ n sọ fún ọ. Mo bi í níbi tó ń gbé ní Warri, ó sọ ọ́, àdúgbò wa ni. Mo bi í pé lọ́jọ́ tí wọ́n wá lé àwọn Ìtsẹ́kírì, níbo lẹ wà? Ó ní àwọn wà nínú ilé, àwọn ti ilẹ̀kùn. Mo ní, ṣé ẹnì kankan kànkùn? Ó ní, 'Wọ́n pọ̀.' Mo ní, ṣé ẹ ṣí i? Ó ní, 'Ọmọ mi, ta ló máa ṣí i?' Ìyá mi kànkùn lọ́jọ́ yẹn. Títì ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀."

"Ṣé ilẹ̀kùn tiẹ̀ ni ìyá yín kàn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá ń fìyà jẹ ẹ́?"

"Ó ní láti jẹ́ ilẹ̀kùn ẹnì kan," ló fi dá mi lóhùn.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìjà Warri kò ju èyí tí a ń gbọ́ nínú rédíò nílé lọ. Ìjọ̀, Ìtsẹ́kírì, Urhobo, wọ́n pa ara wọn, wọ́n jó ara wọn nílé, ọ̀sẹ̀ yìí ìhà yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìhà kejì. Ará Warri là ń pe gbogbo wọn nílé wa, a kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo sọ fún Àǹtí pé kó má wá mọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì lọ.

Nígbà tí ọmọ Mama dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ilé wa jó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tàwọn Ìtsẹ́kírì. Àwọn ọmọkùnrin kan ló wá, a ò mọ ìran tí wọ́n jẹ́. Ojú Mama ló ṣe. Nígbà tí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra, tó ń bèèrè pé ta ló ń bá òun gbálẹ̀ ilé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo ní mo ti lé Àǹtí.

Ó gbé ojú sókè. "Sister, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ̀rọ̀ ni? Àbí èmi?" Omi dà lójú rẹ̀. "Ó kéré tán, nígbà tí obìnrin yẹn ń bọ̀, ìyá mi ń jẹun."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mama pa ẹnu dé. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún, á gbé orí sókè, á wò, á tún gbé orí sílẹ̀. Iná tí Àǹtí ń sọ fún un ti lọ lórí rẹ̀. Ohun tó rántí ni pé ẹnì kan máa ń kúnlẹ̀ kí òun, tó ń fọwọ́ ra òun lọ́wọ́, tó ń fi èdè òun bá òun sọ̀rọ̀.

Mo wá ẹlòmíràn. WhatsApp kò tíì dé nígbà náà, àfi kéèyàn máa bi ẹni tó mọ ẹni. Mo rí ọmọ Ìsókò kan tó ń kàwé ní yunifásítì. Ó ní èdè àwọn àti Urhobo sún mọ́ra gan-an, Mama á gbọ́ òun. Ó wá, ó kí i dáadáa. Mama tẹ́tí sílẹ̀, ó yínmú, ó sọ̀rọ̀ kan, ó kọjú sí ògiri.

"Kí ló sọ?"

Ojú ti ọmọ náà. "Mà, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ kí wọ́n tó rán mi wá. Ó tún ní níbo ni ọmọ òun wà."

"Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin?"

"Rárá, mà. Obìnrin. Èyí tó máa ń mú ìròyìn ilé wá."

Mo lọ bá Àǹtí lẹ́yìn ìsìn. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn tó ń to àga. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kó má mẹ́nu kan iná, kó kàn kí i. Ó gbé mi dìde jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n má wá. Mo ti gbọ́ tìẹ." Ó tún aṣọ mi tó ká lẹ́yìn ṣe fún mi, ó sì bọ́ síta lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò.

Mama kú kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé lọ sin. Àdúrà ìsìnkú tí a ṣe ní Old Trafford kò gùn, torí pé bọ́ọ̀lù wà lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà. Àǹtí wá. Ó wọ dúdú. Ọmọ Mama fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, pé òun ló fi èdè abínibí tu ìyá òun nínú lájò. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́ tinútinú ni, tàbí ó fi ń bú u. Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Àǹtí náà ṣe àmín.

A ṣì jọ wà nínú ìjọ kan náà fún ọdún púpọ̀. Mo ń kí i, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó ń dá mi lóhùn. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, òun ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé ọbẹ̀ ẹyìn wá, banga, pẹ̀lú usi, òkèlè funfun tó ń fà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lápá ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ṣíbí gbọ́n epo ojú ọbẹ̀ kúrò, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó dùn. Mo ní kó kọ́ mi bí àwọn Ìtsẹ́kírì ṣe ń sè é.

Ó ní, "Mi ò mọ ti Ìtsẹ́kírì sè. Ìyá Urhobo kan ládùúgbò wa ló kọ́ mi. Ẹ̀yìn ààrò rẹ̀ ni mo dàgbà sí."

Mi ò bi í bóyá ìyá yẹn ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ìyá tiẹ̀ kànkùn. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ fọ̀ ọ́.